Ìwẹ̀ Tí Ìyá Mi Wẹ Ọmọ Mi

Ìyá mi kò gbà pé ẹnikẹ́ni mọ ọmọ wẹ̀ ju òun lọ. Ká sọ tòótọ́, kò purọ́. Ní àdúgbò wa l'Ékìtì, bí obìnrin kan bá bímọ, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, àwọn ìyá ọkọ á sì jókòó, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó wá tọ́jú mi lẹ́yìn tí mo bí ọmọkùnrin mi, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn, ike òrí kan, àti àpótí onígi tó máa ń jókòó lé, bí ẹni pé wọn kì í ta àpótí l'Ékòó. Ọkọ mi ló ru àpótí náà láti ẹnu títì dé ilé wa ní Iba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yá yàrá lọ́dọ̀ onílé wa ń rẹ́rìn-ín.

Ìwẹ̀ ìyá mi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe kánkán. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e, báàfù omi gbígbóná á wà lápá ọ̀tún. Á fọ orí, á fọ ọrùn àti abíyá, á da omi sí i lẹ́yìn, á fi òrí ra gbogbo oríkèé. Á fa apá ọ̀tún kọjá sí òsì, á fa ti òsì kọjá sí ọ̀tún, á di ẹsẹ̀ méjèèjì mú kí ọmọ dorí kodò díẹ̀. Níkẹyìn, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, á hán an. Bí wọ́n ṣe wẹ èmi náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe wẹ gbogbo wa nìyẹn, a ò sì kú.

Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò lè gba irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn á ké, wọ́n á mu ọmú, wọ́n á sùn fọnfọn. Tèmi á ké díẹ̀, ohùn rẹ̀ á pin, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá ń mu ọmú, á fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á sinmi, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀. Ètè rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n rẹ sínú aró. Ìyá mi wò ó, ó ní otútù ni. Otútù, ní Iba, nínú oṣù tí ooru mú débi pé ajá onílé ń sùn lábẹ́ táǹkì omi! Ó wọ súwẹ́tà fún un, ó dé e ní fìlà onírun, ó sì fi kún gbígbóná omi ìwẹ̀. Mo ní, "Màámi, ooru ń mú ọmọ yìí." Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mélòó lo ti bí?" Ẹyọ kan ni mo bí.

Nọ́ọ̀sì tó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wo ètè náà tí kò sì sọ pé otútù ni. Ó ní kí a má padà sílé, kí a gba ilé ìwòsàn ńlá lọ. Mi ò ní ròyìn bí a ṣe dúró de ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn, nítorí inú á tún bí mi. Lọ́jọ́ kìíní kò sí iná. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò kò wá. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní a pẹ́ dé, a sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n wá wò ó tán, dókítà ọmọdé, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ya ọkàn ọmọ wa sórí ìwé. Ó ní iṣan ńlá méjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ọkàn náà ti gba ipò ara wọn láti inú oyún. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ gba atẹ́gùn nínú ẹ̀dọ̀fóró kò lọ. Èyí tó ti gba atẹ́gùn ló tún ń padà síbẹ̀.

Ọkọ mi ń ta ẹ̀rọ tó ń fa omi ní Alaba. Ó fi ìka kan àwòrán náà, ó ní, "Wọ́n so páìpù méjèèjì sódì."

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

"Kí ló wá ń gbé e ró láti ọjọ́ yìí?"

Dókítà fi bírò tọ́ka sí àárín ọkàn náà. Ó ní ihò kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ti ń pàdé díẹ̀, díẹ̀ yẹn ni ọmọ wa fi ń mí. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè tún iṣan náà tò. Àwọn dókítà tó ń ṣe irú rẹ̀ máa ń wá láti òkè òkun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kọ orúkọ ọmọ wa mọ́ àwọn tó ń dúró dè wọ́n. Títí wọ́n á fi dé, kí a má jẹ́ kó rẹ ọmọ náà rárá. Kó má ké púpọ̀. Kí a fi aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún lára, ó ti tó. Mo ní, "Kò sí ìwẹ̀?" Ó ní, "Kò sí ìwẹ̀ ìbílẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo padà sílé, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi láti orí dé ìdí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ihò nìkan ló gbọ́. Ó ní ṣé mo rí àwùjẹ̀ tó wà láàárín orí ọmọ, ibi rírọ̀ tó ń mí sókè sódò yẹn? Ṣé ihò kọ́ ni? Ta ló ń dí i, ṣé dókítà òkè òkun ni? Omi gbígbóná àti òrí ló ń dí i, òun sì ti fi ọwọ́ ara òun dí èyí tí kò lóǹkà. Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ gbígbóná tẹ àyà ọmọ mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń fi òrí pa á, ó ń kọrin ìjọ lábẹ́nu.

Mo pariwo. Mo ní, "Màámi, ihò yẹn ló gbé ọmọ yìí ró! Bó bá dí, ó parí nìyẹn!"

Ó gbójú sókè wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. "Ihò ló ń gbé èèyàn ró? Ìwé lo kà débi báyìí?"

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó dà bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ létí èmi náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo gbé báàfù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ìyá mi kò bi mí léèrè. Ó lọ yá ti aládùúgbò wa, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń ta wáyà iná ní Alaba. Aládùúgbò náà kò kúkú ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ fi màmá sílẹ̀ jàre. Ọmọ tí wọn ò bá fà lápá fà lẹ́sẹ̀ níbi ìwẹ̀, ara rẹ̀ á kàn máa wà báyìí ni." Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú èsì ìdánwò ní yunifásítì, ìwé ni mo mọ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ WẸ ỌMỌ YÌÍ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá mi kà á sókè ketekete, bó ṣe ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní bàbá tó bí òun kò lẹ ìwé mọ́ ògiri fún òun rí. Ó jẹun òun nìkan fún ọjọ́ méjì.

Bí a ṣe wà nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Ó ń dá mi lágara, èmi náà sì ń dá a lágara. Bí mo bá ní kí ó bọ́ súwẹ́tà, á bọ́ ọ, á fi ìró bò ó. Bí mo bá ní kó má tẹ àyà rẹ̀ mọ́, á ní òun kò tẹ̀ ẹ́, òun kàn gbé ọwọ́ lé e. Láàárín gbogbo ìyẹn, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn èèyàn máa ń rò pé ọmọ tó ń ṣàìsàn kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ó mọ ohùn bàbá rẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ láti ẹnu géètì, á yí ojú, á máa wá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn pe ọkọ mi pé àwọn dókítà náà ti fẹ́ dé, kí a gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò. Inú wa dùn débi pé èmi àti ìyá mi di mọ́ra nínú kíṣìnnì. Mo kó aṣọ ọmọ sínú báàgì, mo wọ balùwẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣé ọmọ tí ara rẹ̀ ń rùn fún wàrà la fẹ́ gbé lọ bá àwọn àlejò?" Mo ní kó má wẹ̀ ẹ́ o.

Nígbà tí mo jáde, mò ń gbọ́ tí ìyá mi ń pe orúkọ ọmọ náà. Kò pariwo, ó kàn ń pè é léraléra. Ó wà lórí àpótí rẹ̀, báàfù tó yá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ mi wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ọkọ mi gbé e, a sáré wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu láti Iba títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Oòrùn ọ̀sán kò tíì mú nígbà tí wọ́n jáde sọ fún wa pé ó ti kú. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò.

Ìyá mi ti fi kẹ̀kẹ́ mìíràn tẹ̀ lé wa, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yíjú sí i níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Ìwẹ̀ yín ló pa á. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín pa á." Ọkọ mi di ẹnu mi mú. Ó ti pẹ́ jù.

Dókítà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà gbọ́. Ó fà mí wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwẹ̀ kọ́. Òótọ́ ni pé èmi ni mo ní kí ẹ má wẹ̀ ẹ́, kó má bàa máa rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti wo ọkàn yẹn, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkàn náà lè ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ń sùn, ó lè ṣíwọ́ nígbà tó ń mu ọmú. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì láti àná tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ó ṣì lè rí bẹ́ẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ bá mi sọ fún màmá."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo jáde. Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, iwájú ìró rẹ̀ ṣì tutù. Ó gbójú sókè wò mí. Mo kọjá lára rẹ̀ lọ sídìí kẹ̀kẹ́.

Kí ló dé tí n kò sọ? Mo ti bi ara mi títí ó fi sú mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan jẹ̀bi ni. N kò lè bá iṣan jà, n kò lè bá ẹ̀rọ tí kò ní iná jà, n kò mọ ojú àwọn dókítà òkè òkun tí wọn kò tètè dé. Ìyá mi wà nítòsí, mo mọ ojú rẹ̀, ó sì ti ṣe ohun tí mo ní kó má ṣe. Mo ní lọ́kàn pé n ó sọ fún un lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, mo ní ó di ọ̀túnla.

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn kò sì jẹ́ kí n ráyè ronú. Gbogbo wọn ní kí n má sunkún, pé omijé á lé èyí tó ń bọ̀ sẹ́yìn, bí ẹni pé mo ti lóyún òmíràn. Ẹnì kan ní ó kúkú dára tí kò dàgbà kó tó lọ. Aládùúgbò wa kó gbogbo aṣọ ọmọ mi kí n tó jí, ó ní kí ojú mi má bàa rí i. Ojú mi ń wá a, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ló gbé ọmọ náà lọ sin ní ọ̀nà Ọ̀tọ̀-Àwórì. Wọ́n ní bàbá àti ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Mo bi í léèrè nígbà mẹ́ta. Nígbà kẹta ó ní kí n lọ gbé oúnjẹ òun wá.

Ìyá mi padà sí Èkìtì ní ọjọ́ kẹta. Ọkọ mi ló sìn ín dé ibùdókọ̀. Èmi dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri, mo gbọ́ tó ní, "Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi." Mo ṣe bí ẹni tó ń sùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan. Ṣé àlàáfíà ni? Àlàáfíà ni. Òjò ń rọ̀? Ó ń rọ̀. Oṣù mẹ́wàá kọjá báyìí.

Ìyàwó àbúrò mi wá bímọ, ọmọbìnrin, ní Okokomaiko. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, ìyá ọmọ kò lè bẹ̀rẹ̀, kò lè gbé nǹkan. Ìyá mi wá tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí ìyàwó náà fi pè mí. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá o. Màámi ò fẹ́ wẹ ọmọ. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ. Wọ́n ní ọwọ́ ń ro wọ́n. Ọkọ mi ló ń fi aṣọ nù ún lára, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe."

Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn ara mi pé obìnrin yìí á pa èèyàn. Èyí tí a ní kó má wẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́. Èyí tí a ní kó wẹ̀, kò wẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé mo wọkọ̀ lọ sí Okokomaiko. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ti ń gbọ́ ìró odó. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gún iyán, ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Màámi, wọ́n ní ọwọ́ ń ro yín."

Ó ń gún un lọ. "Ó ń ro mí."

"Ọwọ́ tó ń ro yín náà lẹ fi ń gúnyán?"

Ó dúró. Kò wò mí, inú odó ló ń wò. "Èyí kò ní kú," ó ní. "Iyán ni."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu láti Iba sá lọ. Láti oṣù mẹ́wàá ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí bí mo ṣe pa á mọ́ ti ṣe fún un títí di ìṣẹ́jú yẹn.

"Màámi, ìwẹ̀ kọ́ ló pa á. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ṣì lè rí bẹ́ẹ̀."

Ó rọra gbé ọmọ odó ti ògiri. "Dókítà wo?"

"Obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ yẹn."

"Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

Mo lè purọ́. Mo lè ní mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, gbogbo wa á sì jẹ iyán.

"Ọjọ́ yẹn náà ni, mà. Ó ní kí n sọ fún yín."

Ìyá mi wá ibì kan jókòó. Mo retí kí ó bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi mọ èèyàn bú. Ó ń fi etí ìró nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń nù ún lọ, ọwọ́ náà sì ti gbẹ. Ó ní, "Mi ò jù ú lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà tí o ti ní dókítà sọ pé kó má rẹ̀ ẹ́, mi ò ju ọmọ yẹn mọ́. Ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fọ̀."

N kò bi í rí. Oṣù mẹ́wàá, n kò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àpótí yẹn.

"Gbogbo àdúrà àárọ̀ ni mo ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run," ó ní. "Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí."

Mo wólẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé mò ń fi aṣọ mi nu ilẹ̀. Ó ní òun kò bínú. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, n kò sì tíì mọ̀ títí di òní.

Nínú ilé, ọmọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyàwó náà ti gbé omi kaná. Mo ní, "Màámi, ẹ bá wa wẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti gbọ́ báyìí."

"Mo ti gbọ́," ó ní. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Àwọn wọ̀nyí ò tíì gbọ́."

Nítorí náà èmi ni mo wẹ ọmọ náà. Mo jókòó sórí àga kékeré kan, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ẹ lé e. Kò sí èyí tí mo ṣe dáadáa níbẹ̀. Omi náà kò gbóná tó, ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú, orí rẹ̀ fẹ́ yẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo rẹ̀. Mò ń dúró kó sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń di orí ọmọ mú kọ́ nìyẹn. Kò sọ nǹkan kan.